Mo Jókòó Nídìí Míksà Lọ́jọ́ Ìkórè

Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, sípíkà máa ń mí. Ẹ lè rò pé mò ń sọ àsọdùn, àmọ́ ẹni tó bá ti jókòó tì í rí á mọ ohun tí mò ń wí. Tẹ́ ẹ bá ti tanná sí i, tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ nǹkan kan, ẹ máa gbọ́ ọ, ṣììì, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tọ́mọ kékeré bá ń sùn ní yàrá kejì. Nígbà míì, mo fẹ́ràn àsìkò yẹn ju orin gan-an lọ. Ó máa ń ṣe mí bíi pé gbogbo orin tó wà láyé ti kóra jọ síbẹ̀, tí wọ́n ń retí kéèyàn kàn fìka kan yí bọ́tìnì sókè.

Ọ̀dọ̀ Bọ̀dá mi, àbúrò bàbá mi, ni mo ti kọ́ ọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdírì nígbà náà, mo wá ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Mọ́kọ́lá títí èsì ìdánwò á fi jáde. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ní Ring Road tí wọ́n ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe, ṣùgbọ́n ohun tọ́kàn wọn wà lára ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń háyà fáwọn ẹgbẹ́ olórin kéékèèké: sípíkà gíga méjì, àwọn máìkì, wáyà gígùn gbọọrọ, àti míksà. Míksà ni àpótí tí gbogbo ohùn ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ sípíkà. Bọ́tìnì tí wọ́n ń yí ló kún ojú ẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ti máa sọ pé kí olórin bọ́ síwájú díẹ̀, kí gìtá sún sẹ́yìn, kí ìlù má pariwo jù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, mo yí ọ̀kan báyìí, jẹ́jẹ́, ohùn ọkùnrin tó ń kọrin nínú kásẹ́ẹ̀tì sì sún mọ́ mi, bíi pé ó fẹ́ sọ nǹkan fún mi létí. Ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi ti lọ sára ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń jẹun, tí mo bá ń fọṣọ, ọwọ́ mi ń yí bọ́tìnì tí kò sí níbẹ̀.

Màámi nìkan ni kò wù. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n wà, wọ́n sì gbọ́ pé mò ń jókòó lẹ́yìn ọkọ̀ ẹrù, pé mò ń fa wáyà káàkiri àwọn hòtẹ́ẹ̀lì n'Ìbàdàn. Bí wọ́n ṣe gbé báàgì wọn nìyẹn, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá. Wọ́n ní àwọn ti bá obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní tàípù sọ̀rọ̀ nílé, pé tó bá di ọjọ́ Mọ́ńdè, èmi pẹ̀lú àwọn á jọ lọ wọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ l'Ójòó, kí n lọ kọ́ṣẹ́ gidi.

Bọ̀dá ń bẹ̀ wọ́n. "Ìyàwó wa, ẹ kọ́kọ́ wo nǹkan tọ́mọ ń ṣe ná. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ṣọ́ọ̀ṣì kan l'Ágbowó ń ṣe ìkórè, àwọn ọ̀dọ́ wọn ní ẹgbẹ́ olórin. Èmi ní iṣẹ́ míì ní Challenge, òun nìkan ló máa ṣe é. Ẹ tẹ̀ lé e lọ. Tí kò bá wù yín, kẹ́ ẹ máa mú un lọ. Mi ò ní sọ nǹkan kan."

"Irú ṣọ́ọ̀ṣì wo nìyẹn, ọkọ mi?"

"Aládùúrà ni."

"Èmi, ọmọ Onítẹ̀bọmi. Ẹ ní kí n lọ jókòó sáàárín aláṣọ funfun lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

"Ṣebí ẹ̀yin náà ń wọ funfun tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba oúnjẹ Olúwa."

Màámi ò rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n ní àwọn á lọ. Mo wọ yàrá, mo bo ojú mi mọ́ pílò. Òun nìkan ló máa ṣe é. Bọ̀dá sọ bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti bẹ̀rù.

Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Gbogbo Ìbàdàn funfun bíi pé wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, oòrùn kàn dà bí àwo kan tí wọ́n gbé kọ́ sínú èéfín. Dírẹ́bà Bọ̀dá já wa sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá mi sọ ẹrù, ó sì lọ bá ọ̀gá ẹ̀ ní Challenge. Ṣọ́ọ̀ṣì náà kéré, wọ́n ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́, torí náà wọ́n pa àtíbàbà sínú ọgbà, abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n to àga sí. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, ìrèké, gbogbo ẹ̀ ti wà nílẹ̀ níwájú, òórùn wọn sì ń fẹ́ wá sí ẹnu ọ̀nà.

A bọ́ bàtà. Ẹ mọ̀ pé àwọn aláṣọ funfun kì í wọ bàtà wọ ilé Ọlọ́run. Màámi di tiwọn mú lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n wá rọra kì í bọ báàgì. Iyanrìn náà tutù. Mi ò mọ ìgbà tí mo ti fi ẹsẹ̀ lásán rìn níta kẹ́yìn, ó ń ṣe mí bíi pé mò ń rìn nínú àlá ẹlòmíì.

Àwọn olórin ò ju mẹ́rin lọ: onígìtá, oníbéèsì, onílù jáàsì, àti bùròdá tó ń darí orin, ọkùnrin gíga kan tí ọrùn ẹ̀ gùn bíi ti àgùfọn. Wọ́n ti fi okùn funfun yí ibi tí wọ́n máa dúró sí ká. Níbi tá a bá ti ń ṣeré, ẹ̀yìn àwọn olórin ni Bọ̀dá máa ń gbé míksà sí. Mo gbé e rù, mo forí lé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Ìjọ na ọwọ́ síwájú mi.

"Sísítà, obìnrin kì í kọjá okùn yẹn o. Ibi mímọ́ ni."

"Mà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà."

"Gbé iṣẹ́ ẹ wá sẹ́yìn. Wo abẹ́ igi fúrúùtù yẹn, ibòòji wà níbẹ̀."

Igi fúrúùtù náà wà lẹ́yìn gbogbo àga pátápátá. Mo rò pé iṣẹ́ ti bàjẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Mo kó máìkì fún onígìtá kó bá mi to wọ́n sínú okùn, mo wá ń tú wáyà, ó ń lọ, ó ń lọ, ó kàn dé abẹ́ igi náà ló tán. Wọ́n fún mi ní tábìlì, wọ́n tẹ́ ẹní tó nípọn sábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo so gbogbo ẹ̀ mọ́ra, mo tanná sí i, mo ní kí bùròdá olórin sọ nǹkan kan.

"Ìyìn ni f'Olúwa," ló wí.

Ó dé bá mi láti òkèèrè, ó la àwọn àga òfìfo kọjá, ó gba orí àwọn ọsàn yẹn, ó rọra bà sí mi láyà. Mi ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn àwọn olórin tá a máa ń jókòó sí, ariwo ìlù nìkan là ń gbọ́, a kàn ń fojú wò ó pé bóyá ó ń dùn mọ́ àwọn èèyàn ni. Níbí, etí tèmi ni etí àwọn èèyàn. Mo ní kó tún un sọ, kì í ṣe pé ó kù síbì kan, ó kàn wù mí kí n tún gbọ́ ọ ni.

Ohun gbogbo dára. Àwọn máìkì dára, gìtá ń dún ketekete. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin gbé korobá omi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku ọyẹ́ má baà ba aṣọ funfun jẹ́. Wọ́n wọ́n ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, wọ́n wọ́n ọn dé etí okùn, àwọn ọkùnrin gba korobá, wọ́n wọ́n inú okùn náà. Òórùn ilẹ̀ tútù yẹn ń dùn mọ́ mi. Mi ò ronú nǹkan kan sí i.

Ìsìn bẹ̀rẹ̀. Ọgbà kún, funfun ní iwájú, funfun lẹ́yìn, débi pé mi ò mọ ibi tí ọyẹ́ parí sí àti ibi táwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀. Màámi jókòó tì mí lórí ẹní, pẹ̀lú aṣọ aláró wọn, wọ́n ká ọwọ́ gbera. Orin bẹ̀rẹ̀, mo sì bá a lọ. Mò ń gbé gìtá dìde pẹ̀lú ìka kan, bí ẹni ń gbé ọmọ tó ti sùn. Àwọn ewé fúrúùtù pupa ń já bọ́ sórí míksà, mò ń gbá wọn kúrò, mò ń rẹ́rìn-ín fún ara mi.

Ìgbà náà ni bùròdá olórin sún mọ́ máìkì débi tí ètè ẹ̀ fi kàn án. Ó fò sẹ́yìn. Gbogbo ara ẹ̀ gbọ̀n.

"Halelúyà," ni gbogbo ọgbà dáhùn. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í lu aago.

Ó nu ẹnu, ó padà síbẹ̀, ó kàn án, ó tún fò. Ijó wá sọ. Oníbéèsì náà wá gbe orin lẹ́nu máìkì kejì, òun náà ta gìrì bí ẹni tí ìjàlọ jẹ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju gìtá nù. Obìnrin kan tó jókòó níwájú wa yíjú sí Màámi, omijé ń dán lójú ẹ̀.

"Mọ́mì, ṣẹ́ ẹ rí i? Ẹ̀mí ti bà lé wọn. Láti ọdún tá a ti ń ṣe ìkórè, kò wá báyìí rí."

Màámi mi orí sí i, tìtẹríba-tìtẹríba. Wọ́n wá wojú mi.

"Kí ló dé tójú ẹ rí báyẹn?"

Mo yọ tẹ́sítà nínú àpò mi, ìyẹn sukurudíráfà kékeré tó ní gílóòbù nínú ọwọ́, mo fi ẹnu ẹ̀ kan ara irin míksà. Iná pupa kékeré kan tàn nínú ẹ̀. Ó rẹwà, ká sòótọ́. Ó dà bí ojú ẹyẹ.

Iná ń jò wọ inú irin míksà, ó ń bá wáyà lọ dé ẹnu máìkì, ó sì ń gbé àwọn tó ń kọrin. Ó ti lè máa jò láti ọjọ́ pípẹ́. Níbi gbogbo tá a ti ń ṣiṣẹ́, àwọn olórin ń wọ bàtà, bàtà onírọ́bà tó nípọn, lórí pákó gbígbẹ, iná ò rí ibi gbà kọjá lára wọn. Torí ẹ̀ ni Bọ̀dá ò fi wá wáyà ilẹ̀ sí i rí, ìyẹn wáyà tó máa kó iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀. Èmi náà ò bi wọ́n. Ta ló rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí gbogbo èèyàn máa wà lẹ́sẹ̀ lásán lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi omi wọ́n? Èmi gan-an, orí ẹní ni mo wà.

Kí n tó mọ ohun tí mo máa ṣe, wọ́n ti pe ìyá tó dàgbà jù nínú ìjọ pé kó wá dúpẹ́ ìkórè. Wọ́n ń mú un bọ̀ lápá méjèèjì, ìyá kékeré báyìí, tó ti tẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń fà nínú omi. Bùròdá olórin na máìkì sí i láti inú okùn.

Mo mọ̀ pé tí mo bá paná, mo ti ba ayọ̀ gbogbo wọn jẹ́, lójú Màámi, mo sì ti fẹnu ara mi sọ pé ẹ̀rọ wa ò dáa. Ójòó lọ́jọ́ Mọ́ńdè nìyẹn. Mo wo ọwọ́ ìyá náà tó ń nà sí máìkì.

Mo paná.

Orin kú. Aago náà dá. Gbogbo funfun yẹn yíjú padà sí abẹ́ igi fúrúùtù.

"Sísítà onímáìkì," Bàbá Wòlíì ló ń pè mí láti iwájú, ohùn wọn ò tiẹ̀ nílò ẹ̀rọ. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Iná ló wà lẹ́nu máìkì. Òun ló ń gbé wọn. Mi ò fẹ́ kó gbé ìyá ni."

Ẹnì kan pòṣé. Òmíì ní, "Ẹ ò rí ọmọ yìí, ó fẹ́ fi iná mànàmáná pa Ẹ̀mí." Mo gbọ́ tí Màámi mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. À ń gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá lọ sọ́nà Ójòó.

Bùròdá olórin ló fọhùn. Ó fọwọ́ bo ètè ẹ̀.

"Bàbá, mo mọ̀ pé ó ń já mi jẹ. Mo rò pé ẹ̀ṣẹ̀ mi ni."

"Èwo nínú ẹ̀?" ni oníbéèsì bi í.

Bàbá Wòlíì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n di ikùn mú, wọ́n rín in títí fìlà wọn fi yẹ̀, gbogbo ọgbà bá wọn rín in, àní obìnrin tó sunkún yẹn náà. Nígbà tí wọ́n mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bá wa mú iná ẹ kúrò níbẹ̀, ká lè mọ èyí tó jẹ́ ti Olúwa. Àwa ò ní kánjú."

Mo yọ púlọ́ọ̀gì pátápátá kúrò lára iná. Mo bèèrè fún irin, wọ́n mú ọ̀kan wá lára èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ilé. Onígìtá fi òkúta gbá a mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ṣùgbọ́n wọn ò wọ́nmi débẹ̀, ilẹ̀ ti le gan-an nínú ọyẹ́, ilẹ̀ gbígbẹ kì í sì í gba iná dáadáa. Mo ní, "Mo nílò omi."

Kí ẹnikẹ́ni tó dìde, Màámi ti dìde. Wọ́n wé ìró wọn mọ́ ìdí, wọ́n gba korobá lọ́wọ́ Ìyá Ìjọ, wọ́n fi ẹsẹ̀ lásán lọ sídìí kànga, wọ́n sì gbé omi dé.

"Síbo?"

"Ìdí irin yìí, mà. Ẹ rọra dà á."

"Ṣó ti tó?"

"Ẹ fi kún un, mà."

Wọ́n fi kún un. Onígìtá tún gbá irin náà, ó wọlẹ̀ báyìí bí ẹni ń ti ọ̀bẹ bọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo so wáyà mọ́ ọn, mo fi ìdí kejì de ara míksà, mo ní kí gbogbo wọn jìnnà sí i. Mo yí ẹsẹ̀ méjèèjì púlọ́ọ̀gì padà, kí iná má baà gba ibi tó ti ń jò wọlé mọ́, mo tì í padà sójú iná, mo tanná. Màámi ló tẹjú mọ́ tẹ́sítà ju èmi lọ.

"Kò tàn," ni wọ́n wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Kò tàn lóòótọ́. Àmọ́ ẹnì kan gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án kí ìyá tó fẹnu kàn án. Mo ní kí wọ́n na máìkì kọjá okùn fún mi. Mo kúrò lórí ẹní, mo rìn wọ àárín ilẹ̀ tútù, omi ń wọ àárín ìka ẹsẹ̀ mi. Màámi tẹ̀ lé mi, wọ́n di aṣọ mi mú lẹ́yìn.

"Fi í sílẹ̀. Jẹ́ kí ẹni tó lẹ̀rọ wá dán an wò."

"Màámi, èmi ni mo ni ín lónìí."

Mo fi tẹ́sítà kan ẹnu máìkì náà, kò tàn. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, nǹkan kan ò ṣe mí. Mo gbé ètè mi lé e.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará," ni mo wí. "Kò jáni jẹ mọ́."

Ohùn mi jáde. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún yín. Ó jáde lára sípíkà méjèèjì, ó tóbi, ó gùn, ó gba òkè àtíbàbà, ó lọ sórí páànù àwọn ilé Àgbowó, ọyẹ́ gbé e lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì méjì tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà dúró, wọ́n ń wò. Èmi tí wọ́n ń sọ nílé ìwé pé kí n gbóhùn sókè. Mo dúró síbẹ̀, mò ń gbọ́ ara mi bó ṣe ń lọ, ó sì ń ṣe mí bíi pé ẹsẹ̀ mi ò sí nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ mi wà nínú ẹrọ̀fọ̀. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ Màámi ṣì wà lára aṣọ mi.

Mo padà sídìí míksà. Wọ́n gbé máìkì fún ìyá arúgbó náà. Ohùn ẹ̀ kéré, ó gbẹ, ó ń já láàárín, bíi rédíò tí bátìrì ẹ̀ ti ń kú. Mo yí i díẹ̀, ó sún mọ́ wa. Mo dín èyí tó ń jẹ́ kó han létí, mo fi kún èyí tó ń jẹ́ kó nípọn, mo tún yí i sókè, bí ìgbà téèyàn bá ń yí iná àtùpà ká lè ríran láì jẹ́ kó rú èéfín. Díẹ̀díẹ̀, ìyá náà wà láàárín gbogbo wa. À ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó ń dúpẹ́ fún iṣu, fún àwọn ọmọ tó kú àti àwọn tó yè, fún ojú ẹ̀ tó ṣì ń rí ọsàn. Kò pariwo rárá. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá gbọ́ ọ bí ẹni tó jókòó níwájú.

"Ìwọ lò ń gbé ohùn ìyá yẹn báyẹn?" Màámi ń bi mí létí.

"Àwọn ni wọ́n ń sọ ọ́, mà. Mo kàn ń bá wọn gbé e ni."

Màámi jókòó, ẹsẹ̀ wọn kún fún ẹrọ̀fọ̀, wọn ò nù ún.

Nígbà tí Bọ̀dá dé láti Challenge, oòrùn ti ń pọ́n. Àwọn olórin ti bọ́ sí orin ijó, ọgbà ń mì. Wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wá ń wá mi lẹ́yìn àwọn olórin, wọn ò rí mi. Nígbà tí wọ́n rí mi lábẹ́ igi, wọ́n sáré wá.

"Ta ló ní kó o gbé míksà síbí? Irin wo sì nìyí?"

"Ọkọ mi," ni Màámi wí, "ẹ má bá a sọ̀rọ̀ ná. Iṣẹ́ ló ń ṣe."

Bọ̀dá wò wọ́n. Wọ́n wo irin, wọ́n wo wáyà, mo rí i tó yé wọn. Wọ́n fọwọ́ gbá iwájú orí wọn, wọ́n rọra jókòó sétí ẹní, wọ́n ń fetí sí i. Wọ́n ní, "Áà. Báyìí ló ṣe ń dún níbí."

"Ẹ bá mi bá dírẹ́bà yín sọ̀rọ̀," Màámi tún wí, wọn ò wo ẹnikẹ́ni, "kó gbé mi dé Ójòó láàárọ̀ ọ̀la. Èmi nìkan ni. Màá sọ fún obìnrin onítàípù yẹn pé ọmọ ti ríṣẹ́."

Mo kàn di bọ́tìnì mú, bí ẹni tó di ọwọ́ èèyàn mú. Onígìtá ti bẹ̀rẹ̀ orin kan tí mi ò gbọ́ rí, ó ń fa okùn gìtá bí ẹni ń pe ẹnì kan láti òkè odò. Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí díẹ̀díẹ̀, wọ́n wá fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi.

"Gìtá yẹn," ni wọ́n wí. "Fi kún un díẹ̀."

Mo fi kún un.